Gbèsè Tí Ilé Jẹ Oko

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa la mọ gbólóhùn yẹn. Ọmọ gba òdo nínú ìṣirò, tàbí ó pa ìwé tì ó ń tẹ fóònù, ẹnu wa á sì yá: "Má kàwé o. Oko ń dúró dè ọ́." Àwa tí a ń gbé Zaria tún ní àfikún tiwa. A ó nàka sí ọmọ darandaran tó ń da ẹran kọjá lójú títì, ọ̀pá léjìká, a ó ní, "Ṣé o rí ìyẹn? Bí o ṣe máa rí nìyẹn." Ọmọ wa á wo ọ̀pá, á wo màlúù, á wo bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀, á sì padà sídìí ìwé. Inú wa á dùn pé ẹ̀kọ́ wọ̀ ọ́ létí. Ó wọ̀ ọ́ létí lóòótọ́: ó ti mọ̀ pé inú ilẹ̀ ni ẹni tó bá kùnà ń parí sí.

Ilé ìwé kì í já wa kulẹ̀ lórí èyí. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, ọmọ tó bá pariwo nínú kíláàsì, àdá ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́ pé kó lọ gé koríko. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí èmi lọ nílẹ̀ Yorùbá, à ń kọ orin ìyìn iṣẹ́ àgbẹ̀ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán wọ́n á fi iṣẹ́ àgbẹ̀ náà jẹ wá níyà. Èwo lẹ rò pé a gbàgbọ́ nínú méjèèjì?

Ká ní ìlú mìíràn là ń gbé ni, n kì bá tí sọ̀rọ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n Zaria ni. Láti 1922 ni ìjọba amúnisìn ti fi Samaru ṣe ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ilẹ̀ Àríwá. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ahmadu Bello sílẹ̀ ní 1962, ibùdó yẹn di ara yunifásítì, òun la sì ń pè ní Institute for Agricultural Research, IAR lẹ́nu tèmi tìrẹ. Ní Samaru náà ni NAERLS wà, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé ohun tí olùwádìí rí lọ bá àgbẹ̀ lóko. Ẹ gba ọ̀nà Funtua díẹ̀, ẹ ó kan Shika, níbi tí NAPRI ti ń ṣèwádìí lórí ẹran ọ̀sìn. Irúgbìn tó ń ti ọwọ́ IAR jáde, orúkọ àdúgbò wa ló ń gbé kiri Nàìjíríà: SAMMAZ ni ti àgbàdo, SAMPEA ni ti ẹ̀wà, SAMNUT ni ti ẹ̀pà, SAMSORG ni ti ọkà bàbà. Àgbẹ̀ tí kò dé Zaria rí ń pe orúkọ Samaru nígbà tó bá ń ra irúgbìn. Ọmọ tí a bí sí Samaru, tí kẹ̀kẹ́ ń gbé kọjá lẹ́nu géètì ibẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà náà. Àwa náà kò sọ fún un, nítorí púpọ̀ nínú wa kò béèrè.

Mo mọ ìdí. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó wọ Kano ní 1911 gba Zaria kọjá, òun náà ló sì kó ọ̀pọ̀ baba ńlá wa wá láti Ọ̀fà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin, wọ́n sì fi Sabon Gari ṣe ilé. Ọjà ni wọ́n bá wá, kì í ṣe ọkọ́. Ilẹ̀ oko wọn wà nílé, níbi tí wọ́n ti wá. Níhìn-ín, ríra la máa ń ra gbogbo ohun tí à ń jẹ, nítorí náà a gbà pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Hausa tó wà lẹ́yìn odi ìlú. Ìyẹn ni mo fẹ́ ká jọ tún wò, nítorí pé ẹni tó ń ra oúnjẹ wà nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ju bó ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ nípa ilẹ̀ kan ní Samaru. Ní 1950, àwọn olùwádìí pín ilẹ̀ kan sí abala abala, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáko lórí rẹ̀ lọ́dọọdún láìjẹ́ kó sinmi. Wọ́n pe ìwádìí náà ní DNPK. D dúró fún ìgbẹ́ màlúù. N, P àti K ni oúnjẹ mẹ́ta tó wà nínú àpò fátíláísà. Abala kan ń gba ìgbẹ́ màlúù nìkan, òmíràn ń gba fátíláísà nìkan, òmíràn ń gba méjèèjì pọ̀, òmíràn kò sì gba nǹkankan. Òwú, ọkà bàbà àti ẹ̀pà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ láyé àtijọ́, kó tó kan àgbàdo. Fún ẹ̀wádún mẹ́rin ó lé ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń wọn irè, tí wọ́n ń bu erùpẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kò pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ìwádìí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan ṣoṣo. Olùwádìí tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ darúgbó, ẹlòmíràn gbà á, òun náà fẹ̀yìn tì.

Abala tí kò gba nǹkankan rù, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó jọ mí lójú ni abala tó gba fátíláísà nìkan. Irè dára níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ewé tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ ń kan, nítorí pé fátíláísà tó ní náítírójìn, pàápàá èyí tí wọ́n ń lò nígbà yẹn, máa ń fi kíkan sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ilẹ̀ tó bá kan kọjá ààlà, oúnjẹ lè wà nínú rẹ̀ kí gbòǹgbò má rí i jẹ. Ìlẹ̀dú ibẹ̀ náà ń tán. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, amọ̀ rẹ̀ kò lágbára láti di oúnjẹ mú. Ìlẹ̀dú díẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, òun náà ló ń fa omi òjò mọ́ra. Níbi tí wọ́n ti ń da ìgbẹ́ màlúù sí, ilẹ̀ kò kan tó bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀dú rẹ̀ kò sì tán tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìgbẹ́ màlúù àti fátíláísà ti pàdé ni irè ti dára, tó sì ń dára lọ.

Ẹnìkan á ti máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Mo ti ń wí i tẹ́lẹ̀, fátíláísà burú, ká padà sí ti àwọn baba wa." Rárá o. Kì í ṣe ohun tí ilẹ̀ yẹn wí nìyẹn. Ìgbẹ́ màlúù tó wà nílẹ̀ kò lè kárí gbogbo oko tó ń bọ́ ìlú ńlá. Fátíláísà ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ohun tí a kò rán an ni kí ó tún ìlẹ̀dú tó ń tán ṣe, kò sì lè ṣe é.

Níbo wá ni ilé tèmi tìrẹ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà? Ẹ wo àpò àgbàdo kan tó kúrò lóko ní Giwa tó wọ ọjà Samaru. Kì í ṣe àgbàdo nìkan ló wà nínú àpò yẹn. Apá kan nínú ọrọ̀ ilẹ̀ náà ti bá a lọ. Ó wọ ilé wa, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, èèrí bọ́ sọ́tọ̀, a sè é, eérú kù nídìí àdògán, adìẹ ṣa èyí tó dà sílẹ̀. Láyé ìgbà kan, gbogbo ohun tó kù nínú ilé wọ̀nyẹn ló ń padà sóko. Àwọn Hausa ní ètò fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Zaria ti rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru àpò mangala lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ara rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń kó ìdọ̀tí inú agboolé, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti eérú jáde lẹ́nu odi lọ sóko kí òjò tó dé. Taki ni wọ́n ń pe ohun tó ń kó lọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni darandaran á mú ẹran rẹ̀ wá sùn lóko lẹ́yìn ìkórè. Màlúù á jẹ pòròpórò, wọ́n á yàgbẹ́ sílẹ̀, àgbẹ̀ á fún darandaran ní ọkà tàbí owó. Ilé ń san gbèsè rẹ̀ fún oko lọ́dọọdún, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní ìwádìí.

Kí ló dá a dúró? Ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó jẹ́ ọwọ́ wa gan-an ló dá a: ọ̀rá. Ẹ wo ààtàn tó bá súnmọ́ yín jù lọ. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì, bátìrì rédíò, ìgò tó fọ́, pámpásì ọmọ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti eérú. Àgbẹ̀ tó bá kó o lọ sóko kó májèlé lọ. Ọ̀rá kì í jẹrà. Ó ń dúró nínú ilẹ̀ tí omi kò fi ní lè wọlé, màlúù tó bá sì gbé e mì lè ti ibẹ̀ kú. Nítorí náà àgbẹ̀ fi ààtàn wa sílẹ̀, a dáná sun ún, èéfín rẹ̀ wọ inú yàrá àwọn ọmọ. Àpò àgbàdo ṣì ń wọlé lójoojúmọ́. Nǹkankan kò padà.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ilé ti lè ṣe ohun tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kò lè ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè mọ̀ pé èèpo ọsàn kì í bá ọ̀rá bísíkíìtì wọ garawa kan náà. Mo ti rí ọmọ tó ń bá àlejò jà lórí rẹ̀, tí ojú ìyá rẹ̀ ń tì í. Ohun tó bá lè jẹrà, ẹ jẹ́ kó ní àyè tirẹ̀: èèpo iṣu, ewé ẹ̀fọ́, èèrí, èèpo ẹ̀pà, ìyẹ́ adìẹ. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò tí a gé wẹ́wẹ́ sí i, kí ó má baà rùn. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí i, torí ohun tó gbẹ kì í jẹrà ní Zaria. Ó kàn ń dúró dè yín títí òjò yóò fi dé ni. Ẹ dé e kí ewúrẹ́ aládùúgbò má tú u ká. Eérú igi dára níbẹ̀ bí kò bá pọ̀ jù, nítorí ó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, kíkan tí mo ní ó ba ilẹ̀ Samaru jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Eérú ọ̀rá kò sí nínú èyí o, májèlé ni.

Mo mọ ohun tí ẹ máa bi mí: níbo la fẹ́ gbin nǹkan sí? Ilé ayálégbé ni ọ̀pọ̀ wa wà, sìmẹ́ǹtì ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Oko gidi ńkọ́? Ọ̀nà Giwa àti ọ̀nà Birnin Gwari, gbogbo wa la mọ ìtàn àwọn ajínigbé níbẹ̀, kò sí òbí tí orí rẹ̀ pé tí yóò rán ọmọ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkà bàbà nínú oko tó jìnnà. Ìdí nìyí tí mo fi ní inú ilé ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àpò ìrẹsì òfìfo tí a lu ihò sí nísàlẹ̀ gba ata, ó gba tẹ̀tẹ̀, ó gba ewédú. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ tó fún wọn láti mu. Kì í ṣe pé àpò méjì yóò bọ́ ìdílé; ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan yín jẹ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti dúró ti ata láti ìgbà ìrúgbìn títí dé èso, tí kòkòrò ti bá a jẹ ewé rẹ̀, yóò yé fẹnu tẹ́ àgbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló tún kù nínú ọ̀rọ̀ ààbò yẹn. Àwọn ọmọ ń gbọ́ bí a ṣe ń pe "Fúlàní" nígbà tí ìròyìn burúkú bá dé. Ọmọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ajínigbé inú igbó àti bàbá tó ń gbé wàrà wá sẹ́nu ọ̀nà. Àdéhùn tó wà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran, èyí tó fi ìgbẹ́ màlúù sóko fún ọ̀pọ̀ ìran, ìfọkàntán ló gbé e ró, ìfọkàntán náà ló sì ti fọ́. Bí ó bá máa padà lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ tó ń jókòó sí yàrá wa báyìí ni yóò tún un dá. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ohun tí à ń gbìn sí wọn létí.

Omi ni ọ̀rọ̀ kejì, ẹ ò sì nílò kí n ṣe àlàyé púpọ̀ fún ará Zaria lórí omi. Ẹni tó bá ti gbé Tudun Wada tàbí Sabon Gari lásìkò tí ẹ̀rọ gbẹ fún ọdún púpọ̀ mọ iye tí mérúwà tó ń ta omi kiri ń ta kẹ́ẹ̀gì kan nínú oṣù kẹta. Ṣùgbọ́n ọmọ wa rò pé ìjọba ló gbé omi lọ. Apá kan òótọ́ ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ apá kejì ní odò Kubanni. Wọ́n sé odò yẹn nínú ọgbà yunifásítì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí omi lò. Láti ìgbà yẹn ni àgbàrá ti ń wọ́ erùpẹ̀ láti oko àti láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ yanrìn wá sínú rẹ̀, tí adágún náà ń kún fún ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ tó gba àyè omi nínú odò, ojú ilẹ̀ oko ẹnìkan ni, ìlẹ̀dú kan náà tí mò ń sọ láti òkè. Oko ń pàdánù rẹ̀, omi sì ń pàdánù àyè nítorí rẹ̀.

Àgbẹ̀ tó kọ ebè rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣe lọ, ó la ọ̀nà fún àgbàrá ni. Èyí tó kọ ọ́ ní ìbú, tó tún fi erùpẹ̀ dí ojú poro láàárín ebè méjì, omi á dúró, á rì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ilé, lórí òkìtì yanrìn tí bíríkìlà kó sílẹ̀: ẹ jẹ́ kó fi ìka fa ilà sọ̀kalẹ̀ lápá kan, kó fa á ní ìbú lápá kejì, kó wá fi kẹ́tù da omi sí i. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òjò fúnra rẹ̀ ti yí ìwà padà. Zaria ń gba nǹkan bí 1,000 mìlímítà lọ́dún, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, oṣù kẹjọ ló sì máa ń pọ̀ jù. Iye yẹn dára létí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dé ni ọ̀rọ̀ wà. Òjò méjì á rọ̀, àgbẹ̀ á gbìn, ọ̀gbẹlẹ̀ á tẹ̀lé e, irúgbìn á kú, a ó tún un gbìn. Nígbà mìíràn òjò ọ̀sẹ̀ méjì á dà sílẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Àwọn àgbà tí wọ́n rí ọ̀dá 1972 sí 1974 mọ ohun tí òjò tó kọ̀ lè ṣe. Àwa náà rí òdìkejì rẹ̀ ní 2022, nígbà tí omíyalé gba ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí ènìyàn tó lé ní 600 bá a lọ, tí ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ láti Àríwá lọ sílé há sí Lọ́kọ́ja. Ẹ rántí ohun tí àwọn ará ilé ń sọ lórí fóònù nípa iye owó ata lọ́sẹ̀ náà.

Nítorí irú òjò báyìí ni IAR ṣe ń wá irúgbìn tó ń tètè gbó. SAMNUT 24 jẹ́ ẹ̀pà tó ń gbó láàárín 80 sí 90 ọjọ́, ó sì ń bá àrùn rosette jà. Àrùn yẹn ni ó tó sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ti ń lọ sékọ́ńdírì. Ẹ̀pà ni owó ilẹ̀ Àríwá nígbà kan, wọ́n ń to àpò rẹ̀ ga bí òkè ní Kano kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e lọ sí Èkó. Ní 1975 rosette jà, ó ba oko ẹ̀pà tó tó nǹkan bí 700,000 hẹ́kítà jẹ́ ní àsìkò kan ṣoṣo. Ní 2016, kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì Kaduna, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pàjáwìrì, àwa náà sì jẹ ọbẹ̀ tí kò ní tòmátì. Ẹni tó bá kó gbogbo ilẹ̀ fún irúgbìn kan, kòkòrò kan tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ̀wà ni mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ọmọ, nítorí gbogbo ilé ló ń ṣà á. Gbòǹgbò ẹ̀wà ń bá ilẹ̀ fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ hú ọ̀kan kí ọmọ rí kókó kéékèèké tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ èso rẹ̀, Maruca, ló ń mú kí àgbẹ̀ máa fọ́n kẹ́míkà láìsinmi. Ní 2019, IAR gbé SAMPEA 20-T jáde, tí wọ́n fi àbùdá láti ara kòkòrò tíntìntín kan sí kí Maruca má lè jẹ ẹ́. Àwọn tó ṣe é ní fífọ́n kẹ́míkà á dínkù láti bíi ìgbà mẹ́jọ sí ìgbà méjì. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, mo sì ti gbọ́ òbí tó ń bú u tó tún ń ra ẹ̀wà tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò pa mọ́ nínú àpò. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú méjèèjì ni oògùn inú àpò, nítorí abọ́ ọmọ ló ń dé tààrà. Ọ̀nà mìíràn sì wà fún un: àpò PICS, onípele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Bí a bá so ó le, kòkòrò inú ẹ̀wà á lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á sì kú láìsí oògùn kankan. Ẹ wò ó, ọ̀rá tí mò ń bú lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣe rere níhìn-ín. Kò burú bẹ́ẹ̀; ibi tí a jù ú sí ló burú.

Igi ló kù. Yorùbá kan tó ń jẹ irú kò ní sọ pé kò sí ohun tó kan òun nínú oko Hausa. Igi irúgbá tó dá dúró láàárín oko ọkà lọ́nà Giwa àti igi ẹmi tó ń fún wa ní òrí, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gbin púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n hù fúnra wọn, àgbẹ̀ kan rí wọn, ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀ yà fún wọn. Ọmọ àgbẹ̀ yẹn tún yà fún wọn. Igi irúgbá máa ń pẹ́ kó tó so, ẹni tó dá a sí lè má jẹ nínú rẹ̀. Ewé rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ó ń di ìlẹ̀dú, gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má gbé e lọ sí Kubanni. Lónìí èédú ń jẹ wọ́n tán. N kò ní wàásù fún ìyá tí owó gáàsì ti lé padà sídìí èédú. Mo mọ iye tí wọ́n ń rọ gáàsì, mo sì mọ iye ẹnu tó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n a lè rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí iná rẹ̀ dínkù, a lè dé ìkòkò, a lè kọ́ ọmọ láti pa èédú tó kù kí ó tún un lò lọ́la. Ọmọ tó bá mọ̀ pé igi ni èédú kí ó tó di èédú kì í sá a ṣòfò.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ìyá ìbejì ní Sabon Gari, bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di àgbẹ̀ ni?" Mo ní rárá, ìyẹn wà lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí èyí tó bá di bánkà má fojú ọ̀dẹ̀ wo àgbẹ̀ tó wá yá owó, kí èyí tó bá di ẹnjiníà ìlú mọ ibi tí àgbàrá ń lọ, kí èyí tó bá di ìyá ilé mọ ohun tó ń jáde nínú ilé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní àyè. Mo fi balùwẹ̀ tí wọn kò lò mọ́ lẹ́yìn ilé wọn hàn án.

Lánlọ́ọ̀dù wọn ti gbà pé kí a fi garawa méjì síbẹ̀, bí kò bá ti rùn. Ìdílé mẹ́rin nínú agboolé náà ti gbà láti máa ya èèpo sọ́tọ̀, àwọn ọmọ ló sì ń ṣọ́ra wọn. Àgbẹ̀ kan tó ń dá fàdámà lẹ́bàá odò ní òun á máa rán ọmọ òun wá kó o bí a bá lè búra fún òun pé kò ní sí ọ̀rá nínú rẹ̀. A kò tíì búra. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ṣì ń yọ́ wọ inú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn àlejò bá dé. Ẹni tó bá ní àpò ìrẹsì òfìfo nílé kí ó jọ̀ọ́ gbé e wá. Kí a tó wọ oṣù karùn-ún la fẹ́ gbìn.